Bí Mo Ṣe Wọ Kọ́bọ́ọ̀dù Nítorí Orúnkún

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti kékeré kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

A rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ibi tí o ti dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé yàrá ìwádìí yín. Màmá rẹ ní o ti rù, mo ní kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló tóbi. Nígbà tí o wá sọ pé iná ẹ́kísíréè ló ń tàn nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ya egungun ní ọsibítù, mo ní ọpẹ́ ni, ìwòsàn mi ti dé, màá wá wọ inú rẹ̀ kí ó ya orúnkún mi. O ní bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò bá tì dáadáa, iná náà ò ní tàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ó yẹ kí n ti ilé kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da ibi tó há. Mo kó aṣọ màmá rẹ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, mo wọlé, mo fa ilẹ̀kùn. Ó tì lóòótọ́. Mo pariwo títí, màmá rẹ ní òun rò pé rédíò ni. Káfíńtà ló yọ mí, ó bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀, mo ní mò ń múra ìrìn àjò.

Nígbà tí o pè, o rẹ́rìn-ín títí mo fi rò pé fóònù ti bàjẹ́. O ní ẹ kì í fi èèyàn sínú rẹ̀, pé àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ni, nínú abọ́ pẹlẹbẹ, pé tí iná bá ti kàn wọ́n, wọn ò ní lè bí sí i mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kú, wọ́n á máa bọ́ àwọn mìíràn nínú abọ́ kí àwọn yẹn lè dàgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo rántí, tí wọn ò bímọ, tí wọ́n sì tọ́ gbogbo wa, tó fi dé orí ìwọ náà. Mo lọ sọ fún wọn pé irú wọn wà nínú abọ́ níbi iṣẹ́ rẹ. Wọ́n wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn inú abọ́ náà.

Mo ti lọ sí ọsibítù bí o ṣe wí. Wọ́n ya orúnkún mi, dókítà ní egungun ò ṣe nǹkan kan, ọjọ́ orí ni. Mo ní kó fi ọjọ́ orí náà hàn mí nínú fọ́tò, kò rí i fi hàn. Jọ̀ọ́, bá mi wá owó díẹ̀ fún ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti fún káfíńtà, torí ó gé ilẹ̀kùn náà ni, aṣọ màmá rẹ sì wà lórí àga títí di òní, màmá rẹ ò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n kí o tó fi owó ránṣẹ́, pe ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ lo mọ èsì ìbéèrè tí wọ́n bi mí nípa àwọn inú abọ́ yẹn.

Iṣẹ́ tí o ń ṣe ní kọ̀rọ̀ yóò hàn ní gbangba, ọwọ́ rẹ ò ní wálẹ̀, ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ sí yóò gbà ọ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.