Ìyàwó Mi Ní Mò Ń Sín Òun Jẹ

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kí ìyàwó mi ṣe, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ẹ bá mi dá sí i, torí ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n lè jókòó. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá tún padà... Àgbàlagbà ni mí, ọmọ Ṣakété, ṣùgbọ́n Kútọnu ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Akpakpa níbí la sì ń gbé.

Egbò kan wà ní ẹsẹ̀ òsì ìyàwó mi. Bàtà tuntun ló kọ́kọ́ bó o, a rò pé yóò jinná, àtọ̀gbẹ ò jẹ́ kó jinná, ó ti dúdú láti ọmọ ìka dé ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ báyìí. Dókítà ní àfi kí àwọn gé e nísàlẹ̀ orúnkún, pé bí a bá fi falẹ̀, oró egbò náà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì kọjá ti ẹsẹ̀. Ó ní ẹnu ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ni òun fẹ́ gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí mo fi jẹun ni èyí tí à ń pè ní sósíàlì níbí, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní wẹ́fíà. Nàìjíríà yín náà ni mo ti kọ́ ọ, ní yunifásítì, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Áà, ìgbà yẹn... Olùkọ́ wa a máa kó wa jáde sábẹ́ igi máńgòrò, a ó jókòó ní méjì-méjì, ẹnì kan á sọ ìṣòro rẹ̀, ẹnì kejì á gbọ́. O ò gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́. O ò gbọdọ̀ sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni wàá fi ẹnu tìrẹ sọ padà fún un, kó lè gbọ́ ara rẹ̀, torí ẹni tó ni ìṣòro ló mọ ọ̀nà, ìwọ kàn ń bá a rìn ni. Bí a bá ṣe tán, a kì í fẹ́ dìde. Oòrùn á ti rọ̀, a ó ṣì jókòó síbẹ̀, a ó máa sọ bí ayé yóò ṣe rọrùn tó bí ọmọ èèyàn bá lè fetí sí ọmọ èèyàn. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ dòní. Ó sì ṣiṣẹ́ fún mi ní ọ́fíìsì, torí obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá tẹkún-tẹkún nígbà kan, mi ò sọ ju díẹ̀ lọ, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ rí ọ̀nà, tó tún padà gbé ọsàn wá fún mi. Ṣùgbọ́n Faransé ni mo fi ń ṣe é lọ́hùn-ún. Mi ò fi Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, ṣe é rí, mi ò sì ṣe é nílé rí.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, ó jókòó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó ní, Bàbá Sàídì, ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé, ibo ni wọ́n ń gbé e sí? Mo rọra dáhùn pé, o ń ronú ibi tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ náà sí. Ó wò mí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí ajá má lọ wọ́ ọ jáde lórí àkìtàn. Mo ní, ẹ̀rù ń bà ọ́ pé ajá lè wọ́ ọ jáde... Ó ní, "Mo bi yín ní ọ̀rọ̀, ẹ ń sín mi jẹ. Ṣé ẹlẹ́yà ni mo ti dà?" Ẹ jọ̀ọ́, nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì, ọmọ tó bá ń tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ padà lójú rẹ̀, ìgbátí ni yóò jẹ. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo sì mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ o. Ẹbí lè gba ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n fi aṣọ funfun wé e, kí wọ́n sin ín. Mo ti bá ìdílé kan ṣe irú rẹ̀ rí. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́?

Láti ọjọ́ náà, Ayékòótọ́ lorúkọ mi nínú ilé. Bí aládùúgbò bá wá kí i, á ní kí wọ́n bá òun bi Ayékòótọ́ bóyá ó ti jẹun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi pamọ́ rèé. Lọ́jọ́ kejì tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ìyàwó mi pè mí, kò fi ṣeré, ó ní òun ti rò ó títí, ohun tí mo bá sọ ni òun máa ṣe, kí n ṣáà sọ ọ́. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ ni, ọwọ́ rẹ ló wà. Ó ní, "Ẹ ti yọwọ́ yín lọ́rọ̀ mi nìyẹn." Ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Sàídì àkọ́bí wa, tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù lọ sí Porto-Novo, wá béèrè ohun tí màmá òun wí, mo ní ó ṣì ń rò ó. Irọ́ ni. Ó ti rò ó tán. Ọmọ rò pé ìyá ni gbogbo wa ń dúró dè, dókítà náà rò bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mo fẹ́ kí wọ́n gé e. Mo fẹ́ kó wà láàyè, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí. Bí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, àṣẹ ni. Tó bá kú sórí ibùsùn tí wọ́n ti ń gé e ńkọ́? Tó bá yè é, tí kò lè dé ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Tọ̀kpá mọ́, tó ń wò mí láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ló di ẹnu mi ni, àbí ẹ̀rù ló gbé agbádá ẹ̀kọ́ wọ̀? Olùkọ́ wa náà sọ pé ohun tó wà nínú ẹni tó ń gbọ́ ìṣòro ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Apá ẹ̀kọ́ yẹn la ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn.

Lọ́la ni dókítà ń retí èsì. Egbò náà ti ń rùn, ó ń fi ìborùn bò ó kí n má baà gbóòórùn. Ṣé kí n wọlé tọ̀ ọ́ lọ kí n pàṣẹ fún un? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Sàídì, kí ó jẹ́ òun ni yóò sọ ọ́? Àbí kí n máa wò ó? Ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ sí mi pé ohun tí ọkàn mi bá sọ ni kí n ṣe. Èmi ni mo máa ń sọ ìyẹn fún èèyàn. Ohun tí màá ṣe ni kí ẹ sọ fún mi.