Ẹ̀jẹ́ Tí Fíìmù Íńdíà Rán Mi Létí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 1997. Torino, ní Ítálì.

Èmi ni mò ń sọ, Adéṣọlá ni ó ń kọ. Àbúrò ọkọ ọmọ mi ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Gègé ni mò ń pè é, torí òun ni kálámù mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò mú mi dé ilé ìwé rí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bu iyọ̀ sí i.

Fúnkẹ́ ọmọ mi ti ospedale, ilé ìwòsàn wọn, dé. Kókó inú rẹ̀ ti tóbi. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí ni wọn máa fi abẹ yọ ọ́. Mo ní kò séwu. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4.

Òtútù. Mi ò jáde.

Ọjọ́rú, 5.

Gègé gbé kásẹ́ẹ̀tì fíìmù wálé. Bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń sin òrìṣà wọn ni, ó fẹ́ fi kọ tesi rẹ̀, ìwé àṣekágbá yunifásítì. Fúnkẹ́ yọjú — "Ọkọ mi kékeré, ẹ tún ti kó òrìṣà ọlọ́wọ́ mẹ́jọ wálé? Bí pásítọ̀ bá dé, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé o!" A rẹ́rìn-ín.

Mi ò rẹ́rìn-ín pẹ́. Bàbá kan nínú fíìmù náà gbé ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà sẹ́yìn, ó ń gun àtẹ̀gùn òkúta láìwọ bàtà. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gègé túmọ̀ ọ̀rọ̀ Italiano náà fún mi: nígbà tí ọmọ náà kéré tó ń ṣàìsàn, bàbá jẹ́jẹ̀ẹ́ láti gbé e débẹ̀. Ara ọmọ yá. Bàbá gbàgbé. Àìsàn ti padà.

Mo ní kó pa á.

Ọjọ́ Ẹtì, 7.

Gègé ti búra pé òun ò ní ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1956. Fúnkẹ́ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Gìrì mú un lóko. Mo kúnlẹ̀ sáàárín ebè. Mo ní, Olúwa, bó bá yè, èmi fúnra mi ni màá pọ̀n ọ́n, láìwọ bàtà, títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó yè. Ọjọ́ Àìkú dé, mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi lábẹ́ igi ọdán. Ọkùnrin bíi tèmi, pẹ̀lú ọ̀já láyà! Ojú tì mí. Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9.

Mo sọ fún Fúnkẹ́. "Bàbá, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì lẹ fẹ́ pọ̀n? Kí wọ́n lè gba àwa méjèèjì sí ospedale? Jésù ti san gbogbo rẹ̀." Mo ní èmi ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́, kì í ṣe Jésù. Ó bínú. Ó ní fíìmù yẹn ló dà mí lórí rú. Mo ní mi ò jẹun mọ́ nílé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11.

Ó se iṣu, èyí tó rà ní ọjà Porta Palazzo. Òórùn rẹ̀ — mi ò jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13.

Lówùúrọ̀ Fúnkẹ́ gbé ọ̀já wá. "Ẹ wọ kóòtù yín, Bàbá Olórí-kunkun. Ká lọ ṣe é, kí ẹ lè jẹun."

A wọ tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Gáráàjì ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Mo bọ́ bàtà. Ilẹ̀ tutù bí irin. Gègé so ọ̀já náà. Ìyá òyìnbó kan tó ń ti ọjà bọ̀ dúró, ó fọwọ́ ya àgbélébùú. Fúnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín létí mi.

Ogún ìṣísẹ̀ péré. Kò wúwo. Olúwa mi, kò wúwo. Àpò gbágùúdá wúwo jù ú lọ. Kókó náà nìkan ni mo mọ̀ lẹ́yìn mi, ó le bí ebè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ́ jáde, ẹ̀rù mìíràn wọlé.

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè sọ̀ kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ọrùn mi mú.

"Bàbá, ẹ má tíì sọ̀ mí."

Mo nàró. Mo dúró síbẹ̀.