“Ẹ” Tí Mo Fi Du Káfíńtà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ irú ìwé yìí. Kí ni ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ní tí ó fẹ́ pín? Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún mi láàárọ̀ ọ̀la, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Èmi, àbíkẹ́yìn ìyá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Alàgbà Kékeré, kéde pé orí mi pé, bí inú tilẹ̀ ń run mí. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi.

1. Kẹ̀kẹ́ mi di tiyín. Bíréèkì rẹ̀ kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ máa fẹsẹ̀ tilẹ̀.

2. Kí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá máa tọ́jú ológbò mi. Ó ti pẹ́ tí ológbò náà ti fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ.

3. Mo fi ipò alága Ẹgbẹ́ Ìdọ́gba sílẹ̀ fún akọ̀wé wa. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe nìyí: kí àwọn àlejò tí èdè àti ìṣe wọn yàtọ̀ lè bá wa gbé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fojú di wọ́n. Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Mo pàṣẹ pé “o” nìkan ni a ó kọ́ wọn, fún tàgbà tèwe, nítorí pé gbogbo ènìyàn dọ́gba. Akọ̀wé dìde nípàdé, ó ní, “Ìdọ́gba wo nìyẹn? Ìwọ tí o ò lè sọ ‘o’ sí ẹ̀gbọ́n rẹ!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Kò mọ̀ pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wá sípàdé.

4. Káfíńtà kan wà lára àwọn àlejò tí mò ń kọ́ ní Yorùbá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù àga tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, ó kí ọ̀gá tó dàgbà tó bàbá rẹ̀: “O káàárọ̀. Ṣé o sùn dáadáa?” Ọ̀gá ní, “Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?” ó sì ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Káfíńtà wá bá mi. “Olùkọ́, kí ni mo ṣe? O ní mo sọ ọ́ dáadáa.” Mo dá a lóhùn pé agbéraga ni ọ̀gá yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá fún káfíńtà náà.

Kí ẹ bá mi mú un padà lọ síbẹ̀, kí ẹ sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo tún èyí kà, ojú tì mí. Ogún wo nìyí? Ìtìjú mi ni mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́. Ọkùnrin tó wà ní ibùsùn kejì ní, “Àbúrò, ìfun tí wọ́n fẹ́ yọ ò tó ìka mi, o ti ń pín ogún!” Ó jọ pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti kú ju kí n wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ.

Nítorí náà, bí mo bá jí, mo fagi lé ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ní ìkẹrin. Èmi àti káfíńtà la ó jọ lọ, mà á sì ti kọ́ ọ ní “ẹ” kí a tó dé ibẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i: Alàgbà Kékeré.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Àwọn ẹlẹ́rìí: ọkùnrin ibùsùn kejì, tó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fọwọ́ sí i; àti nọ́ọ̀sì, tó ní kí n gbé bírò sílẹ̀ kí n sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni, àgàgà akọ̀wé. Bí mo bá jí, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé èmi ni mo jẹ̀bi.