Èèpo Iṣu Tèmi, Ẹ̀fọ́ Mama Nkechi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Tẹ̀tẹ̀ tí Mama Nkechi ará yàrá kejì gbìn sínú àpò sìmẹ́ńtì ti ga dé ìbàdí mi. Tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ èèpo iṣu tí mo ń rà ní ọjà Gariki ló fi ṣe ilẹ̀ dúdú inú àpò yẹn! Mo ń kó o fún un, mo rò pé ewúrẹ́ ló ń sìn. Àṣé ṣe ló ń da ewé gbígbẹ lé e títí yóò fi jẹrà. Èmi náà fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀, mo da àjẹkù ọbẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ mi, tiyọ̀tepo.

Lọ́jọ́ Àìkú ó gbé ìdì ẹ̀fọ́ kan wá. "Mama Tóbi, na your yam peel do am o!" Èmi ni mo sè é. Bàbá Tóbi jẹ ẹ́ tán, ó ní Mama Nkechi mà ń gbìyànjú.

Látìgbà náà, mi ò kó èèpo fún un mọ́. Inú láílọ́ọ̀nù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kó o sí.

Bàbá Tóbi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bo imú, ó ní kí ló ń rùn. Mo ní àpò ẹ̀fọ́ Mama Nkechi ni.

Ó ní ìyẹn kì í rùn rárá.

Báwo ló ṣe mọ̀?