Àga Tóbi Ti Kúrò ní Pálọ̀

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, 1994. Ẹ̀gbẹ́dá.

Mo ṣe é, ọkàn mi sì balẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ yìí ni àga ọmọdé tó bá a wá ti wà ní pálọ̀, tí Tóbi ń jókòó sínú rẹ̀ mu ògì. Èmi gan-an ni mo gbé e síbẹ̀, mo ṣe bí àga oúnjẹ ni, àṣé àga inú ọkọ̀ ni. Láàárọ̀ yìí mo fọ ògì tó ti gan mọ́ ọn lára, mo sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Màámi, ìyá ọkọ mi, yarí. "Ìyá Tóbi, kí ni itan mi ṣe? Ṣé ọmọ wá di ẹrù tí wàá máa dè mọ́ àga ni?"

Ọkọ mi bá ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin!

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Inú àga yìí ló máa jókòó sí."

Wọ́n ń kùn títí a fi dé Ìgàndó. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ kan ti já wọ títì, tí ọkọ mi tẹ bíréèkì lójijì. Báàgì Màámi fò lọ síwájú, gèlè wọn ṣí, orúnkún wọn gbá síìtì mi. Tóbi ò kúrò lójú kan. Ó tiẹ̀ ń fi ewúrẹ́ náà rẹ́rìn-ín ni.

Ká ní orí itan yẹn ló wà... Rárá, mi ò ní kọ ìyẹn.

Nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màámi ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ síìtì.

"Ìyá Tóbi, bẹ́líìtì tèmi dà?"