Bí Mo Ṣe Pa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Mi Lẹ́nu Mọ́

                                        Ilé Ògúnsànyà,
                                        Ìwópin,
                                        nípasẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1984.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọládiípọ̀,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Adétóun ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ọmọ tuntun ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Iṣẹ́ àtúnṣe fìríìjì tí ò ń ṣe ńkọ́? Àwa ńbí wà pa o. Ìyá mi le koko bí ọta, ẹnu wọn náà sì wà níbẹ̀.

O mọ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi ṣe ń pariwo. Láti Ẹ̀pẹ́ dé ibí, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì jókòó sórí àpótí tá a fi bo ẹ́ńjìnnì, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Èrò wá ń yà lọ sínú ọkọ̀ Adébóyè. Ìyá mi pàápàá ní àwọn ò mọ ohun táwọn fi ṣẹ̀ mí tí ariwo mi fi ń di àwọn létí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Walter káfíńtà ní kí n fi fóòmù tẹ́ inú àpótí náà. Mo sáré lọ rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Hẹ̀n-ẹ́n! Àṣé fóòmù a máa mu epo bí ọ̀mùtí. Kò pẹ́ tó fi ń rú èéfín láàárín ọ̀sà. Ká ní o rí Wòsílátù elẹ́ja, apẹ̀rẹ̀ lórí, ẹsẹ̀ kan níta ọkọ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè ya fóòmù náà jù sómi.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mo wá rántí ìmọ̀ràn rẹ. Mo wá nǹkan bí òwú tẹ́ ẹ máa ń tú nínú ògiri fìríìjì àtijọ́ rí, èyí tó o ní iná kì í mú. Mo tẹ́ ẹ, mo fi páànù bò ó kí epo má baà kàn án, mo sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí. Ṣùgbọ́n ìwọ yìí burú o! O ò sọ fún mi pé ó ń yún èèyàn. Mo họra títí, Walter ní àfi bí ẹni tó sùn sórí wèrèpè.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́ràn! Ó kàn ń kùn lábẹ́lẹ̀ ni. Èrò ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wòsílátù jókòó sórí àpótí, ó sùn lọ fọnfọn. Inú mi dùn dẹ́yìn.

Bí mo ṣe gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí létí omi, láìwé gèlè, wọ́n ń ké orúkọ bàbá mi. Ìwọ náà ò ní gbàgbé ọjọ́ tí ọ̀sà gbé bàbá mi lọ. Àṣé láti ìgbà náà, ariwo ẹ́ńjìnnì mi tí wọ́n ń bú yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mò ń bọ̀. Wọn kì í gbé ọbẹ̀ kaná kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n gbọ́ ti Adébóyè, wọn ò gbọ́ tèmi. Wọ́n gbá mi létí, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún. Àánú wọn ṣe mí, Ọládiípọ̀, ojú sì tì mí.

N ò tú òwú náà o. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀sà ti yà sí ìlú wa, mo máa ń ní kí èrò dìde lórí àpótí, màá ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ariwo á sì sọ. Àwọn àlejò á máa bú mi. Àwọn ará ibí kì í bú mi. Wòsílátù ti máa ń dìde kí n tó sọ̀rọ̀, á ní kí n yára ṣí i, kí Ìyá lè gbé ọbẹ̀ kaná.

Bá mi kí Adétóun, kó o sì bá mi gbé ọmọ jó. Ìyá mi ń kí ọ, wọ́n ní ìwọ lo kọ́ mi níwà burúkú.

                                        Èmi ni tìrẹ, lórí omi àti lórí ilẹ̀,
                                        Gilbert Ògúnsànyà.