Erìgì Màmá Mofẹ́ àti Àwọn Adójútòfò

Àrẹ̀mọ,
Ìbàdàn.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí. Mo gbàgbọ́ pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́, pé Bàbá náà sì ń sùn dáadáa. Ara mi le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà mi ń já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó pe ẹ̀gbọ́n yín, Màmá Mofẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú eyín kan nítòsí Òkè Padre ni ilé ìwé fi mí sí láti kọ́ṣẹ́. Wọn ò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kan eyín ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń bá àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè sanwó ìtọ́jú. Àwọn yòókù ní iṣẹ́ yẹn rọrùn. Kò rọrùn fún mi, Mọ́mì.

Màmá Mofẹ́ ti ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń rún pákò. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi tẹ̀lé mi. Dókítà Olúgbénga yẹ erìgì wọn wò, ó ní ìdọ̀tí ti le bí òkúta lábẹ́ rẹ̀. Tí a kò bá ha á jáde, eyín iwájú wọn yóò bọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ló ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì! Adójútòfò ilé ìwé tí Màmá Mofẹ́ ti ń kọ́ni lè san án, ṣùgbọ́n adójútòfò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ká tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Abdulmajeed ló pè láti ọ̀dọ̀ wọn. Etí mi ló ṣe.

“Màmá, ẹnu yín ńkọ́?”

“A dúpẹ́ o, kò séwu.”

“Ṣé erìgì ń dùn yín?”

“Kò ní dùn mí lórúkọ Jésù!”

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fèsì pé aláìsàn ní òun kò ṣàìsàn, kí a kàn fọ eyín lásán fún un. Mo rò pé ilé ìtọ́jú á lé mi. Mo bẹ Màmá Mofẹ́, wọ́n ní àwọn kò ní fi ẹnu ara àwọn pe àìsàn wọlé. Mo ní ó ti wọlé, ó ti gbàjókòó. Wọ́n ní kí n panu mọ́. Mofẹ́ ọmọ wọn ní kí n fún òun ní fóònù, òun á fi ohùn ìyá òun dáhùn. Mo kọ̀, irọ́ ni.

Mo fi ìbẹ̀rù pe Ọ̀gbẹ́ni Abdulmajeed. Ó rẹ́rìn-ín: “Ṣé Aládùúrà ni wọ́n? Nílé tiwa náà, alhamdulillahi la máa ń sọ títí wọ́n á fi gbé èèyàn dìgbàdìgbà.” Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n. Ẹ béèrè àdúrà tí wọ́n fẹ́ lórí ẹnu wọn.”

Mọ́mì, ó béèrè. Màmá Mofẹ́ fa ìborí borí, wọ́n kúnlẹ̀ ti fóònù. “Ẹ bá mi gbé e síwájú Olúwa, alàgbà! Ẹ̀jẹ̀ ń jáde láàárọ̀, ó ń jáde lálẹ́! Eyín iwájú mi ń mì! Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí mo bí ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́!”

“Àmín, Màmá. Ọ̀tún ni àbí òsì?”

“Ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀! Olúwa, má yọ ọ̀kankan sílẹ̀!”

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fọwọ́ sí gbogbo ẹnu.

Àná ni dókítà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi jáde, ṣùgbọ́n Màmá Mofẹ́ ti di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo dúró. Dókítà wá fi ìka kan eyín iwájú náà, ó ní, “Èyí ò lọ síbì kankan mọ́.” Omi bọ́ lójú mi ju tiwọn lọ.

Kí Ọlọ́run fi ìlera bò yín, kí ẹ̀yin àti Bàbá jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbìyànjú,
Ẹ̀bùnọlá.

Àfikún: Màmá Mofẹ́ ti sọ fún ẹgbẹ́ akọrin pé èmi ni dókítà àwọn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọdún kìíní ni mo ṣì wà. Lẹ́yìn ìsìn òní, mẹ́ta nínú àwọn akọrin náà tò síwájú mi, wọ́n yanu.